Ṣé dandan ni kí a pa gbogbo ẹ̀fọn tán kí ibà tó kásẹ̀ nílẹ̀?

Rárá, bí iye ẹ̀fọn bá ti lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ibà á máa kú lọ fúnra rẹ̀. Dókítà Ronald Ross ló fi ìṣirò fi èyí hàn ní 1911. Bí aláìsàn kan kò bá kó o ran tó ẹnì kan, iye aláìsàn á máa dín kù ni.

Ọjọ́ ayé ẹ̀fọn ló ṣe pàtàkì jù, torí kòkòrò ibà ń lo bí ọjọ́ 10 nínú rẹ̀ kó tó lè ran ẹlòmíràn. Ká ní ẹ̀fọn 100 wà, tí ìdá 10 nínú 100 àwọn tó kù ń kú lójoojúmọ́: nǹkan bí 35 ló máa ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ 10. Bó bá jẹ́ ìdá 20, bí 11 péré ni. Ibi tí àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn ti ń ṣe bẹbẹ nìyẹn.

Àmọ́ níbi tí ẹ̀fọn bá ti pọ̀ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ dín kù gan-an kí ìyàtọ̀ tó hàn.