Kí ló dé tí Word kù, tí iṣẹ́ oníbàárà sì lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Agbowó, ní Ìbàdàn. Àwọn àmì kéékèèké ti kún ojú kọ̀ǹpútà mi bámúbámú, ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi bá pa púpọ̀ nínú wọn rẹ́ kí ojú rẹ̀ lè mọ́. Àmì Word wà lára wọn, síbẹ̀ Word ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníbàárà méjì ti di àwátì. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bínú sí ọmọ náà, nítorí ohun méjì tó yàtọ̀ síra ni wọ́n wọ aṣọ kan náà fún lójú kọ̀ǹpútà.

Ní ayé MS-DOS, ètò kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Windows, ẹni tó bá fẹ́ ṣí iṣẹ́ kan ní láti tẹ àṣẹ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ó bá sì ṣi ẹyọ kan tẹ̀, iṣẹ́ kò ní lọ. Ilé ìwádìí Xerox PARC ní California ni wọ́n ti ṣe Alto, kọ̀ǹpútà onímáòsì, ní ọdún 1973. Ṣùgbọ́n Xerox Star ti ọdún 1981 ni ó sọ ojú kọ̀ǹpútà di tábìlì ọ́fíìsì, tí ìwé àti fódà wà lórí rẹ̀, kí akọ̀wé tí kò mọ àṣẹ kankan lè fi máòsì tọ́ka sí ohun tó ń wá. Macintosh (1984) gba ọ̀nà kan náà, Windows sì tẹ̀lé e lẹ́yìn náà.

Lórí tábìlì gidi, ìwé ni ìwé. Lórí ti Windows, àmì kan lè jẹ́ ìwé náà gan-an, ó sì lè jẹ́ àbùjá (shortcut) lásán tó kàn ń tọ́ka síbi tí nǹkan náà wà. Àbùjá ni àmì Word yín, ẹ ó sì rí ọfà kékeré kan ní igun ìsàlẹ̀ irú àmì bẹ́ẹ̀ lápá òsì (lójú tèmi, ọfà náà ti kéré jù). Ó dà bí pátákó tí ẹ rì mọ́ ẹ̀bá títì ní Mọ́kọ́lá láti júwe ṣọ́ọ̀bù yín: bí ẹnìkan bá hú pátákó náà, ṣọ́ọ̀bù kò wó. Àmì iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín kò ní ọfà, nítorí fáìlì náà fúnra rẹ̀ ni ẹ gbé síbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ fódà bíi àwọn fódà yòókù.

Ẹ ṣí Recycle Bin, ibi tí ohun tí a pa rẹ́ ń lọ, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí ẹ yan Restore; yóò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ohun inú Recycle Bin nù kí ẹ tó wò ó. Ohun tí a bá fi Shift àti Delete pa rẹ́ kì í dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a pa rẹ́ lórí fláàṣì oníbàárà kì í sábà dé ibẹ̀, iṣẹ́ yín sì rèé, orí fláàṣì ló pọ̀ sí jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fódà kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan nínú Documents, kí ó jẹ́ kìkì àmì ọlọ́fà ni ọmọ náà yóò máa bá lójú kọ̀ǹpútà nígbà tó bá tún fẹ́ tún un ṣe.