Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòṣe ńlá halẹ̀ mọ́ ọ

Àbúrò, ibi tó ń dùn mí gan-an ni ìbéèrè rẹ bọ́ sí. O ní o ti ní àkọsílẹ̀ bí ojú àwọn òǹkàwé ṣe ń rìn lórí ọ̀rọ̀, o fẹ́ ṣírò surprisal ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yani lẹ́nu tó lẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀, kí o lè mọ̀ bóyá ó bá iye àkókò tí ojú fi dúró mu. Supervisor rẹ wá ní àfi dandan kí o lo àwòṣe èdè (ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó kàn) tó tóbi jù lọ tí ọwọ́ rẹ bá lè tó. O ń béèrè bóyá GPT-2, irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ tó kéré, tó wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ tó iṣẹ́ náà ṣe.

Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó dára ju èyí tí wọ́n ń fi ń yangàn lọ.

Mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Èyí tó kéré jù nínú GPT-2 ni mo kọ́kọ́ lò, tó ní parameter (àwọn nọ́ńbà inú àwòṣe tí ìkọ́ni ń tún ṣe) mílíọ̀nù 124, àbájáde rẹ̀ sì dán mọ́rán. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún láti yẹ̀ wò ní nǹkan àtijọ́ nìyẹn, kí n gbé ńlá wá. Mo gbé e wá: ti mílíọ̀nù 355, ti 774, títí dórí èyí tó ní bílíọ̀nù kan àbọ̀. Bí àwòṣe ṣe ń tóbi sí i ló ń mọ ọ̀rọ̀ tó kàn sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni surprisal rẹ̀ sì ń jìnnà sí ohun tí ojú èèyàn ń ṣe. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Wọ́n ní kóòdù mi ló lábùkù. Supervisor mi gbè sí wọn lẹ́yìn láì ṣí fáìlì kan ṣoṣo, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo tú kóòdù palẹ̀, mo tún un kọ. Mo bẹ ẹlòmíì kó kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ láì wo tèmi, nọ́ńbà kan náà la bá pàdé. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ dátà, mo pààrọ̀ ẹ̀, ibi kan náà ló já sí. Wọ́n ní bóyá àwọn òǹkàwé mi ni kò kàwé dáadáa! Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ìlà kan nínú dátà náà. Ó kù díẹ̀ kí n pa ìwádìí tì.

Lọ́dún 2023 ni Byung-Doh Oh àti William Schuler gbé iṣẹ́ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ gan-an ń béèrè ìdí tí surprisal àwọn àwòṣe ńlá kò fi bá àkókò ìkàwé èèyàn mu tó ti kékeré. Wọ́n rí i lára GPT-2, wọ́n rí i lára àwọn àwòṣe mìíràn, GPT-Neo àti OPT, lórí dátà ìkàwé Natural Stories àti ti Dundee. Àwòṣe ńlá ti kàwé débi pé orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi kì í fi bẹ́ẹ̀ yà á lẹ́nu mọ́, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn á dúró wò wọ́n. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn méjèèjì tún fi hàn pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 token (ègé ọ̀rọ̀ tí àwòṣe ń kà) ni àwòṣe máa kà tí yóò fi bá èèyàn mu jù. Kí ó kà kọjá ibẹ̀, ṣe ló ń yà kúrò lọ́dọ̀ wa. Tẹ ìwé méjèèjì, gbé e sórí tábìlì supervisor rẹ, kí o sì dákẹ́.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ariwo "ńlá, ńlá" yẹn ní orísun. Goodkind àti Bicknell fi hàn ní 2018 pé bí àwòṣe bá ṣe mọ ọ̀rọ̀ tó kàn tó ni surprisal rẹ̀ ṣe ń bá ìkàwé mu tó. Òótọ́ ni, fún àwọn àwòṣe tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà yẹn. Àwọn ọ̀gá wa gbọ́ èyí, wọn ò gbọ́ ìyókù.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ kò le. O mú ìṣeéṣe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn àwọn tó ṣáájú rẹ̀, o wá log rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ 2, o fi àmì àyọkúrò síwájú. Ọ̀kan nínú 2 jẹ́ bit 1, ọ̀kan nínú 8 jẹ́ bit 3, ọ̀kan nínú 1024 jẹ́ bit 10. Láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí Hale ní 2001 àti Levy ní 2008 ni èrò náà ti wá. O mọ ìyẹn, jẹ́ ká máa lọ.

Ibi tí wọn kì í kọ́ èèyàn ni bí ọ̀rọ̀ inú dátà ṣe máa bá token inú àwòṣe mu. Dátà ìkàwé ka ohunkóhun tó wà láàárín àlàfo méjì sí ọ̀rọ̀ kan, tòun ti kọ́mà tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwòṣe á gé e wẹ́wẹ́. Mú "don't," ní àárín gbólóhùn: GPT-2 á gé e sí "don", "'t" àti ",". O ní láti ro surprisal mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ fún ọ̀rọ̀ kan yẹn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tẹ ìwé náà bá lo àmì tó tẹ̀ kọdọrọ, ’, dípò èyí tó nà tọ́ọ́rọ́, iye ègé náà á yí padà. Bí kóòdù rẹ bá ń ka iye ègé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀ lọ á máa gbé nọ́ńbà aládùúgbò rẹ̀, bíi ẹ̀wù tí wọ́n fi bọ́tìnnì àkọ́kọ́ sí ihò kejì. Kọ̀ǹpútà kò ní pariwo. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àbájáde á ṣì jáde, á sì jọ òótọ́, torí ìṣòro ọ̀rọ̀ kan máa ń ràn dé orí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e nínú ìkàwé. Ipò lẹ́tà ni kí o fi so wọ́n pọ̀, má fi iye ṣe é.

Bí o bá máa bá èdè tó lámì bíi tiwa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, mọ̀ pé "ọ̀" lè jẹ́ ọ tó ti ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú àmì kan lórí, ó sì lè jẹ́ o lásán pẹ̀lú àmì méjì. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú àwòṣe, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú méjèèjì di ọ̀kan, kí o tó ṣe ohunkóhun. Má sì lo GPT-2 fún un rárá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Àlàfo tún wà ńbẹ̀: GPT-2 máa ń lẹ àlàfo mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, nítorí náà ìṣeéṣe pé ọ̀rọ̀ kan ti parí á lọ jókòó sórí ọ̀rọ̀ kejì. Pimentel àti Meister ṣàlàyé àtúnṣe rẹ̀ ní 2024. Wá a kà.

Ní ti statistics, gígùn ọ̀rọ̀ àti bó ṣe wọ́pọ̀ tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí surprisal tó wọlé, ti ọ̀rọ̀ tó ṣáájú náà pẹ̀lú. Fi wọ́n sọ àkókò ìkàwé láìsí surprisal, tún fi wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí o wo èyí tó mọ dátà tí kò tíì rí jù. Onímọ̀ kan sọ fún mi pé kí n kó gbogbo òǹkàwé pọ̀, kí n wá ìpíndọ́gba wọn, kó lè "mọ́". Má gbọ́. Clark ti kìlọ̀ láti 1973 pé èèyàn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yàtọ̀, kí o fi àyè sílẹ̀ fún méjèèjì. Àwọn tó ń gbani nírú ìmọ̀ràn yẹn kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi ọ́ ní ìbéèrè.

Nǹkan kan tún wà tí o kò béèrè. O kọ ọ́ pé o máa fi kún un pé àwòṣe náà "kọ́ èdè bí ọmọdé". Jọ̀ọ́, yọ gbólóhùn yẹn. Lọ́dún 1996, Saffran, Aslin àti Newport fi hàn pé ọmọ oṣù 8 lè fi ìṣẹ́jú 2 péré dá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń pín mọ̀ nínú ohùn tí kò dánu dúró. Token tí wọ́n fi kọ́ àwòṣe Llama 3 lé ní tírílíọ̀nù 15. Bí ìkọ́ni bá wù ọ́, ọ̀dọ̀ ìdíje BabyLM ni kí o lọ, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí àwòṣe ka ju mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀ lọ, ìwọ̀n tó sún mọ́ ohun tí ọmọ lè gbọ́ kó tó bàlágà. Má sì ṣèlérí pé surprisal á ṣàlàyé gbogbo ìdádúró. Nínú "The horse raced past the barn fell", gbólóhùn tó ń ṣi òǹkàwé lọ́nà títí dórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, surprisal á sọ pé òǹkàwé máa fà sẹ́yìn lórí "fell", ṣùgbọ́n van Schijndel àti Linzen fi hàn ní 2021 pé ìdádúró tó ń sọ nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti èèyàn.

Kọ̀ǹpútà rẹ? Àní ó tó. Dátà ìkàwé Provo kò ju ìpínrọ̀ 55 lọ, o kò nílò GPU (ẹ̀rọ ìṣirò alágbára) fún un. Bí supervisor rẹ bá ṣì takú, ṣe ìtóbi GPT-2 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi wọ́n sínú àwòrán kan, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n kí o tó fi hàn án, tẹ àwọn ìlà àkọ́kọ́ jáde, ọ̀rọ̀, ègé, nọ́ńbà, kí o fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá níbi tí àmì ’ bá wà.