Ìgò Ṣíṣà Olówó Gọbọi: Kí Ni Owó Náà Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi ni mo ń ra ohun èlò fún ilé ìgbafẹ́ kan ní Wúsè 2, ní Àbújá níbí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, méjì nínú ìgò ṣíṣà wa, ohun èlò tí wọ́n fi ń fa èéfín tábà gba inú omi, ló là nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fọ̀ wọ́n láàárọ̀. Nígbà tí mo padà sọ́jà, wọ́n gbé irú mìíràn kalẹ̀ fún mi tí owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ n kò fojú rí ìyàtọ̀ kankan. Ọ̀gá mi ní orúkọ lásán ni wọ́n ń tà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló mú kí ọ̀kan wọ́n tó bẹ́ẹ̀, báwo ni mo sì ṣe lè dá ojúlówó mọ̀?
Òǹkàwé, Kúbwà

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀gá yín kò jẹ̀bi tán, nítorí púpọ̀ nínú owó tí wọ́n ń pè lórí ìgò ṣíṣà ló ń lọ sórí ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kùn ún àti bó ṣe ga tó, èyí tí kò kan bí yóò ṣe pẹ́ lọ́wọ́ yín rárá. Síbẹ̀, ohun tó tó owó náà wà fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò.

Bí mo bá gbọ́ pé ìgò là láàárọ̀ ọyẹ́, omi gbígbóná ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Ìgò tó ti wà lórí táìlì láti òru ti tutù wọnú; bí wọ́n bá da omi gbígbóná sí i, inú rẹ̀ yóò ti máa fẹ̀ kí ooru tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀kan yóò máa fa èkejì, ìgò yóò sì là. Gíláàsì tí a fi iyanrìn, sódà àti òkúta ẹfun ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò mínírà àti gíláàsì fèrèsé, máa ń fẹ̀ nínú ooru tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n ń pè ní borosilicate. Otto Schott, ará Jámánì, ló ṣe borosilicate jáde ní ìparí ọ̀rúndún 19, nípa fífi èròjà bórónì sínú iyanrìn tí yóò yọ́. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe àwọn ìgò tí wọ́n ń gbé kaná ní ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Iná tó lágbára jù ló ń yọ́ ọ, ó sì ń gba ọwọ́ tó mọṣẹ́, nítorí náà kò lè pọ̀ bí ìgò mínírà. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Pyrex nìkan dá yín lójú. Borosilicate ni Pyrex nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1915, ṣùgbọ́n ti ilé ìdáná tí wọ́n ń tà lọ́hùn-ún báyìí kì í ṣe é mọ́.)

Kò wá pọn dandan kí gbogbo ara ṣíṣà jẹ́ borosilicate. Àwo orí tí èédú ń jókòó lé àti ọ̀pá tí èéfín gbígbóná ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi dù wọ́n. Ìgò ìsàlẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, gíláàsì lásán tí wọ́n ṣe dáadáa lè sìn yín níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ bá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbà pé èyí tó nípọn jù ló dára jù: ó máa ń fara da gbígbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ooru bá yí padà lójijì, òun ló tètè ń là.

Ibi tí owó fara pa mọ́ sí jù lọ ni bí wọ́n ṣe mú gíláàsì náà tutù lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ọ́n tán. Àwọn Masaga, àwọn Tápà tí ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ ní Bídà, kò ju ohun kékeré lọ ni wọ́n ń mọ, irú rẹ̀ sì máa ń tutù bákan náà yíká. Ìgò ńlá tí ìdí rẹ̀ nípọn tí ọrùn rẹ̀ fẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sínú ìléru, bí ìwọ̀n 560 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún borosilicate, kí wọ́n sì máa dín iná náà kù díẹ̀díẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ń kánjú yóò fo èyí, ìgò rẹ̀ yóò sì dán bí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi là lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ lè fojú rí ìfanra tí ìkánjú náà fi sílẹ̀ nínú gíláàsì. Ẹ ṣí ojú ewé funfun lórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ mú awò ojú oòrùn irú èyí tí wọ́n ń pè ní polarized, kí ẹ yí i títí ojú kọ̀ǹpútà yóò fi ṣú. Kí ẹ wá gbé ìgò náà sáàárín awò náà àti ojú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà títàn tàbí àwọ̀ bí òṣùmàrè bá hàn lára rẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti so ọrùn mọ́ ara, ẹ dá a padà fún onítọ̀hún.

Láti mọ borosilicate, ẹ bu òróró ẹ̀pà tó mọ́ sínú ife, kí ẹ ki ẹnu-fífà (ibi tí ẹni tó ń fa ṣíṣà ń fi ẹnu sí) tàbí ẹ̀yà kékeré mìíràn bọ̀ ọ́. Borosilicate yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá mọ́ yín lójú, nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú òun àti òróró kọjá lọ́nà tó jọra gan-an. Gíláàsì lásán yóò ṣì hàn ketekete. Àfọ́kù ìgò yín àtijọ́ ni kí ẹ fi wé e. Ní ti oríkèé, ibi tí ẹ̀yà kan ti ń wọ inú èkejì, èyí tí wọ́n ha kó lè bára mu, tó fẹ̀ tó mìlímítà 14 tàbí 18, kò gbọ́dọ̀ mì bí ẹ bá yí i. Ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìda omi sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dí òkè, kí ẹ fi ẹnu fa rọ́bà tí èéfín ń gbà jáde: bí atẹ́gùn bá wọlé, kò tọ́ sí ìlọ́po mẹ́ta owó.

ÌBÉÈRÈ: Oníṣòwò kan ní Kàdúná sọ fún mi pé ṣíṣà onígíláàsì tó dára máa ń fọ èéfín mọ́, kò sì lè pa ẹni lára. Ṣé òótọ́ ni?
Òǹkàwé, Bárnáwà

ÌDÁHÙN: Rárá o. Omi ń mú èéfín tutù, ó ń jẹ́ kó rọrùn láti fà, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ẹni tó jókòó ti ṣíṣà lẹ́ẹ̀kan lè fa èéfín tó pọ̀ tó ti sìgá 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí gíláàsì fi dára ju irin lọ kò ju pé kì í dípẹtà, ìdọ̀tí rẹ̀ ń hàn síta, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ẹnu-fífà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín lò lè gbé ikọ́ fée láti ẹnu kan dé òmíràn, bó ti wù kó wọ́n tó. Òfin àpapọ̀ lórí tábà, ti ọdún 2015, sì ka títa tábà fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 léèwọ̀. Èyí tí àwọn tó ń tà á kì í dárúkọ ni gáàsì carbon monoxide láti inú èédú, tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Bí orí bá ń fọ́ ẹnì kan tàbí òòyì ń kọ́ ọ nínú yàrá tí wọ́n ti sé fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tètè gbé e jáde sí gbangba, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.