Àwọn tó kúrò lọ́sàn-án ni kẹ́ ẹ pè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn èèyàn kún inú Google Forms, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ wá ń bèèrè bẹ́ ẹ ṣe lè fi mọ̀ bóyá ó yọrí sí nǹkan gidi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tójú mi ti rí màbo.

Àwọn télọ̀ la ṣe tiwa fún, n'Íbàdàn, ọ̀fẹ́ ni, lórí bí wọ́n ṣe lè máa ta ọjà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Ẹtì la gba họ́ọ̀lù, torí owó rẹ̀ dín sí ti Sátidé tí gbogbo ayé ń ṣe ìnáwó. Èèyàn 310 forúkọ sílẹ̀, mo sì ti fi 310 yẹn fọ́nnu fún onígbọ̀wọ́ wa. Àwọn 143 ló fọwọ́ síwèé lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, a pín fọ́ọ̀mù kí wọ́n sọ èrò wọn, 58 ló padà sọ́wọ́ wa. "Ó dára gan-an" ló kúnnú ẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ yin ìrẹsì ọ̀fadà. Mo kọ ìròyìn tó dùn bí oyin.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni onígbọ̀wọ́ bi mí: "Àwọn 85 yòókù ńkọ́?" Ẹnu mi wọhò.

Àṣé àwọn tó gbádùn ẹ̀ ló dúró, àwọn náà la sì bi. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Excel, ètò kọ̀ǹpútà tá a to orúkọ wọn sí, ti gé òdo iwájú nọ́ńbà wọn dànù, 0803 ti di 803, àti pé àwọn kan forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi nọ́ńbà MTN ṣe ọ̀kan, wọ́n fi ti Glo ṣe èkejì. Nígbà tí mo ṣà wọ́n kúrò tán, 310 di 268.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ lọ́sàn-án ò bínú sí wa rárá. Ìrun Jímọ̀ ni wọ́n lọ kí, nígbà tí wọ́n sì máa fi kírun tán, wọ́n rò pé ó ti pẹ́ jù, wọ́n gba ilé lọ. Èmi tí bàbá mi jẹ́ Alájì, mi ò rántí Jímọ̀! Àwọn ìyá kan lọ mú ọmọ níléèwé. Àwọn mélòó kan ló sọ ọ́ sí mi lójú pé òyìnbó tí olùkọ́ ọ̀sán ń sọ ti pọ̀ jù.

Láti ìgbà yẹn, Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń fọwọ́ síwèé, láàárọ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ, ibi tí iye bá ti já wálẹ̀ la ti ń tú u wò. Fọ́ọ̀mù wa ò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ, kóúnjẹ tó dé la sì ń gbà á, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọ̀fadà tán kì í fẹ́ sọ ohun tí ò dáa. Lẹ́yìn oṣù méjì, a máa ń pe ogún nínú wọn: "Ṣé ẹ ti rí oníbàárà kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì?" Èmi ò ka ìdáhùn mìíràn sí tó ìyẹn.

Tí onígbọ̀wọ́ bá ní kẹ́ ẹ kó nọ́ńbà wọn fún òun, iye èèyàn ni kẹ́ ẹ fún un. Òfin ìdáàbòbò détà, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà báyìí, àwọn èèyàn yẹn ò sì fún yín láṣẹ ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló ṣì kọjá lórí tiyín, wọn ò tíì gbàgbé. Ẹ máa pe àwọn tó kúrò lọ́sàn-án tó bá di bí aago méje alẹ́.