Iná sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kọ́kọ́rọ́ wà n'Íjẹ̀bú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nínú ọjà l'Ékòó. Lóṣù tó kọjá iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù tó fara kan ọ́fíìsì wa, gbogbo wa kàn ń pariwo ni, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ síbi ìnáwó n'Íjẹ̀bú, bẹ́ẹ̀ inú ibẹ̀ nìwé owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà. Ọlọ́run ló yọ wá. Alága ní ká dúpẹ́, ó parí. Ṣé ó parí lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ dúpẹ́ o, àmọ́ kò tíì parí. Ṣé ẹ rántí àrùn Ebola ọdún 2014, ìgbà táwọn èèyàn ń fomi iyọ̀ wẹ̀ lóru? Iyọ̀ kọ́ ló kó wa yọ, ìmúrasílẹ̀ ni. Dókítà Ameyo Adadevoh àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò jẹ́ kí aláìsàn tó ti Làìbéríà wọlé jáde ní ọsibítù, bí àwọn aláṣẹ Làìbéríà ṣe ń fúngun mọ́ wọn tó, àrùn yẹn náà ló wá pa dókítà fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ti ń bá pólíò jà látọjọ́ yìí ni wọ́n fà wọlé, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń kalẹ̀ láti ojúlé sójúlé, wọ́n ti mọ ẹni tó ń jíṣẹ́ fún ta ni, wọ́n wá tọpasẹ̀ èèyàn bí 900. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, nígbà tó fi di 20 oṣù kẹwàá, ó ti tán nílẹ̀ wa. Àwọn dókítà ìjọba sì wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ o!

Tiyín ò le tó yẹn. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjì tí wọn ò jọ ń lọ òde kan náà. Kí ẹ máa ya fọ́tò ìwé owó yẹn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kó wà lórí fóònù ẹnì kan tí kì í ṣe ará ọjà. Ẹ kọ 767 àti 112, nọ́ńbà pàjáwìrì l'Ékòó, gàdàgbà sára ògiri. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, torí àhesọ á ti jó ọ́fíìsì yín tán kí iná tó débẹ̀.

Ẹ wá dán an wò. Ẹgbẹ́ kan tí mo wà nígbà kan ra sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná, a gbé e kọ́ bíi fọ́tò alága, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti kó lọ s'Íbàdàn, àwa tó kù ń fa irin kékeré tó wà lọ́rùn ẹ̀ bí ẹni ń fa eyín. Torí náà, lọ́jọ́ ọjà kan, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ pé kó máa bọ̀ kíá, kẹ́ ẹ wo ìṣẹ́jú tó máa gbà á.