Ṣé kí n fi ṣọ́ọ̀lù tó ń dà mí láàmú yìí sílẹ̀ ná?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú ni mo ń gbé. Ṣọ́ọ̀lù funfun oníhò ni mò ń fi abẹ́rẹ́ nítìn hun fún ọmọ tí àbúrò mi fẹ́ bí. Iṣẹ́ ewé ló wà lára rẹ̀, ìlà 16 ló sì ń gbà kí ewé kan tó parí. Mo hun, mo tú, mo tún hun, mo tún tú, ó ti sú mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e tì, kí n fi nǹkan tó rọrùn sinmi. Ìyá mi ní tí mo bá gbé e tì, mi ò ní padà sí i mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ti ọ̀rẹ́ yín ni kí ẹ gbọ́, àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba ìyá yín kì í ṣe lásán.

Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Ìyàgbà tó ń hunṣọ lórí òfì ìdúró lè dìde láàárín iṣẹ́, kí wọ́n lọ sóko, kí wọ́n sì padà bá aṣọ níbi tí wọ́n fi í sí. Igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ ló di gbogbo òwú mú. Ní ti nítìn, abẹ́rẹ́ nìkan ni gbogbo ojú, ìyẹn àwọn ìkọ́ òwú kéékèèké tí à ń hun, rọ̀ mọ́. Ojú kan tó bá yọ̀ bọ́ yóò máa tú lọ sísàlẹ̀, láti ìlà dé ìlà. Nínú iṣẹ́ oníhò, ẹ ò ní tètè mọ èyí tó jẹ́ ihò tí ẹ fọwọ́ dá àti èyí tó jẹ́ ojú tó bọ́. Ohun tó ń lé èèyàn sá fún iṣẹ́ tó ti pa tì nìyẹn: ó dé ibẹ̀, kò mọ ibi tó wà.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ hun ewé tó wà lọ́wọ́ parí. Ẹ má dúró ní àárín ìlà láéláé. Lẹ́yìn náà, ẹ wá òwú ìránṣọ tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí funfun, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá fà á gba inú gbogbo ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́ nítìn yín, kí ẹ sì jẹ́ kí òwú náà gùn yọ dáadáa lápá méjèèjì. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, títú náà kò ní kọjá orí òwú yìí. Èmi kì í hun iṣẹ́ oníhò láì fa òwú yìí ní ìparí ewé kọ̀ọ̀kan, ì báà sú mi, ì báà má sú mi. Bí ìsinmi náà yóò bá ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò pátápátá, nítorí ojú tó bá pẹ́ lórí abẹ́rẹ́ máa ń fẹ̀, ìlà yẹn á sì hàn. Ẹ kọ iye ojú, ìlà tí ẹ dé àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ sínú bébà, kí ẹ fi í sínú àpò kan náà.

Ẹ yẹ bébà tó wé wúùlù yín wò pẹ̀lú. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ìkòkò aró tí wọ́n ti pa á láró. Bí wúùlù kò bá ní í tó, ẹ ra ìyókù nísinsìnyí pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Funfun kì í ṣe funfun kan náà, ẹ lè bi ẹnikẹ́ni tó ti parí ṣọ́ọ̀lù pẹ̀lú wúùlù tó rà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ó ku nǹkan tí ẹ óò fi sinmi. Kí ó rọrùn ní tòótọ́ o! Mo mọ àwọn tó ń fi ṣọ́ọ̀lù oníhò mìíràn sinmi. Fìlà ọmọ tuntun ni mo fẹ́ fún yín. Ẹ lo abẹ́rẹ́ 4 mm mìíràn àti wúùlù tí kò nípọn jù, tí kò sì tín-ín-rín jù, èyí tí wọ́n ń pè ní DK. Ẹ kó ojú 72 sórí rẹ̀, kí ẹ máa hun ún lọ hun ún bọ̀ pẹ̀lú irú ojú kan náà ní gbogbo ìlà, títí yóò fi ga tó 15 cm. Ẹ wá hun ojú méjì-méjì pọ̀ dé òpin ìlà, kó ku 36. Ẹ hun ìlà kan lásán, kí ẹ tún hun méjì-méjì pọ̀, kó ku 18. Ẹ gé òwú, ẹ fà á gba inú gbogbo rẹ̀, ẹ fún un pọ̀, ẹ rán ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi bọ́tìnnì tàbí rìbọ́ọ̀nù sí i, ọmọ lè fà á sẹ́nu. Iná ì báà lọ, ọwọ́ yín á máa ṣe é nínú òkùnkùn. Ṣọ́ọ̀lù ò gba ìyẹn.

Fìlà kan tó. Bí ó bá dùn mọ́ yín, ẹ hun méjì, àmọ́ àbúrò yín ò ní dá ọjọ́ ìbímọ dúró.

Ọ̀sán ni kí ẹ padà sí ṣọ́ọ̀lù, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Ẹ ka ojú rẹ̀, kí ẹ fi wé bébà kí ẹ tó hun nǹkankan. Bó bá pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ewé tuntun. Lẹ́yìn ìlà mélòó kan, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ti le tàbí ó ti dẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú u dé orí òwú yẹn, kí ẹ tún un hun.