Ẹ Bi Wá: Brugge, Ìlú Orí Omi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ wa ń kàwé ní Gent, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Èmi àti bàbá wọn fẹ́ lọ bá a ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde nínú oṣù Keje. Ó ní ìlú kan wà nítòsí tó ń jẹ́ Brugge, tí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kan àbọ̀ la lè yọ sílẹ̀. Ṣé ó tó? Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. — Ìyá Ìbejì, Súrùlérè

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Ó tó dáadáa, bí ẹ bá máa sùn síbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyẹn. Wọ́n á dé ní aago mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n á kúrò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àkókò yẹn gan-an sì ni bọ́ọ̀sì ń já èrò sílẹ̀ wìtìwìtì. Ẹsẹ̀ kì í gbèrò bí ọjà Balógun nígbà tí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èrò á túká, ilẹ̀ kò sì ní tètè ṣú: nínú oṣù Keje, ó ń tó nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ dé síbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ sinmi ní òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ jáde ní aago mẹ́fà. Ìlú á kù sí ọwọ́ yín.

Láti Gent, ọkọ̀ ojú irin kò gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ; láti Brussels, bíi wákàtí kan. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọlé, torí ẹni tó bá rà á nínú ọkọ̀ á san àfikún. Kò sí nọ́ńbà ìjókòó lórí rẹ̀, ibi tó bá ṣófo ni kí ẹ jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà 1 tàbí 2 lára ọkọ̀ kí ẹ má lọ jókòó sí ipò tí ẹ kò sanwó rẹ̀. Orúkọ ìlú tún máa ń da àlejò rú. Èdè méjì ni wọ́n ń lò ní Brussels: Brugge náà ni Bruges, Gent náà ni Gand, ibùdókọ̀ Brussel-Zuid náà ni Bruxelles-Midi.

Ẹ fi àpótí ńlá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ yín. Òkúta ni wọ́n tò sí ojú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ìdí àpótí kì í yí lórí rẹ̀, bàtà gogoro náà kò sì ṣeé wọ̀. Láti ibùdókọ̀ dé Markt, gbàgede àárín ìlú, ó tó ogún ìṣẹ́jú fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ẹ̀yin, ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Ilé ìṣọ́ agogo tó wà ní Markt ga ní mítà 83, àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ 366, ó há, ó ń yí po, kò sì sí ẹ̀rọ agbénigòkè. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn nìkan gùn ún. Agogo 47 ló wà lókè yẹn, ẹni tó jókòó nísàlẹ̀ ń gbọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tó bá orúnkún yín mu ni Begijnhof, agbolé àwọn obìnrin olùfọkànsìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1245: ilẹ̀ tẹ́jú, ilé funfun, igi gíga, ariwo kò sí. Láti ibẹ̀, ẹ rọra rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì Onze-Lieve-Vrouwekerk, níbi tí ère Màríà àti ọmọ rẹ̀ tí Michelangelo fi òkúta mábù gbẹ́ wà. Àwọn Faransé kó o lọ ní 1794, àwọn Jámánì tún kó o lọ ní 1944, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló padà wálé.

Ọkọ̀ ojú omi gan-an, ìdajì wákàtí ni. Èbúté márùn-ún ló wà láàárín ìlú, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, nítorí náà ẹ má tò síbi tí èrò ti gùn jù nítorí pé àwòrán ibẹ̀ lẹ rí. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Tó bá di ọ̀sán, ẹ ó dúró pẹ́. Àtẹ̀gùn díẹ̀ lẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ á sì mì bí ẹ bá ṣe ń wọlé: ẹ na ọwọ́ sí awakọ̀, kí ẹ jókòó kíákíá. Afárá kan wà tó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá wé gèlè gíga á tẹrí ba.

Kí ló dé tí ilé àtijọ́ ibẹ̀ kò wó? — Akẹ́kọ̀ọ́, Akọkà

Òṣì ló gbà á là. Apá òkun tó ń jẹ́ Zwin ni ọkọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí yanrìn dí i, àwọn oníṣòwò ṣí lọ sí Antwerp, kò sì sẹ́ni tó lówó tí yóò fi wó ilé kọ́ tuntun mọ́. Ní 2000 ni UNESCO fi àárín ìlú náà sínú ìwé ogún àgbáyé. Ní Èkó níbí, ilẹ̀ Tinúbú Square níye lórí jù: wọ́n wó Ilójo Bar, ilé àtijọ́ kan tó wà níbẹ̀, palẹ̀ ní 2016 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí.

Lẹ́ẹ̀sì ni mo ń tà. Wọ́n ní ìlú lẹ́ẹ̀sì ni Brugge. Ṣé mo lè kó ọjà bọ̀? — Ìyá Olólẹ́ẹ̀sì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyá wa, ẹ má fowó ọjà lọ síbẹ̀. Orúkọ nìkan ló pa lẹ́ẹ̀sì méjèèjì pọ̀. Tiwa, aṣọ tí ẹ̀rọ kó iṣẹ́ sí lára ni, èyí tí Austria àti Switzerland sọ di ìlú-mọ̀ọ́ká nílẹ̀ wa. Kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀sì náà, ẹ̀rọ ló ń rán an sórí ohun kan tí wọ́n á yọ́ dànù, kí òwú nìkan ṣẹ́kù. Ti Brugge kò ní aṣọ lábẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Òwú lásán ni, wọ́n ń gbé e kọjá lórí ara wọn bí ẹni ń dirun.

Ìrọ̀rí líle á wà níwájú oníṣẹ́, páálí tí wọ́n ti dá ihò àwòṣe sí á wà lórí rẹ̀. Ara igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ká òwú sí. Mẹ́rin ló ń mú lẹ́ẹ̀kan: á gbé méjì àárín kọjá lórí ara wọn, òsì lé ọ̀tún, á wá yí ìsọ̀rí méjì-méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún lé òsì. Ìṣísẹ̀ méjì yẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún. Á fi abẹ́rẹ́ olórí gún un mọ́ ihò kí ó má baà tú, á sì mú mẹ́rin mìíràn. Iṣẹ́ ńlá lè gba igi tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí náà etí áńkáṣíìfù kan ṣoṣo lè gba ọjọ́ púpọ̀. Yáàdì márùn-ún kò sí níbẹ̀ láéláé.

Ẹ lọ wò ó ní Kantcentrum, ibùdó lẹ́ẹ̀sì tó wà ní òpópónà Balstraat, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ máa ń jókòó. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà ńkọ́? Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà, ẹ̀rọ ló ṣe é, láti òkèèrè. Èyí tó tóbi tó àwo oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní €10 kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi wákàtí iṣẹ́ pín in kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ojúlówó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí rìsíìtì pé wọ́n fọwọ́ ṣe é ní Brugge. Ó dára fún ọrùn aṣọ ìsàmì ọmọ.

Mùsùlùmí ni mí. Oúnjẹ wo ni kí n ṣọ́ra fún? — Alhaji, Mushin

Alhaji, stoofvlees ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sá fún. Ó jọ ọbẹ̀ ẹran màlúù tiwa, ṣùgbọ́n bíà ni wọ́n fi sè é. Wọ́n lè se ehoro bẹ́ẹ̀ náà. Ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n ń tà ní ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ agogo, ẹ bi wọ́n irú òróró tí wọ́n fi dín in, torí ọ̀rá màlúù, tó lè má jẹ́ ti hàlálì, ni wọ́n ń lò látayébáyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dín in: àkọ́kọ́ lórí iná tí kò mú púpọ̀ kí inú rẹ̀ rọ̀, èkejì lórí iná líle kí ara rẹ̀ gbẹ.

Láti Brussels, a fẹ́ yà sí Lọ́ńdọ̀nù fún òde ọjọ́ méjì, ká tún padà wọ bàálù ní Brussels. Ṣé físà Bẹ́ljíọ̀mù kan tó? — Yábàá

Kò tó. Físà tiwọn kò gbé yín wọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ nílò ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ẹ tún wo ibi iye ìgbà ìwọlé lára físà Bẹ́ljíọ̀mù náà. Bí wọ́n bá kọ 01, ó ti parí lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò sì ní lè padà wọ Brussels. MULT, ìyẹn ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ nílò. Ẹ sọ ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù yẹn nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tì í.

Ṣokoléètì tí mo gbé bọ̀ láti ibẹ̀ ti hu funfun. Ṣé ó ti bàjẹ́? — Ọbáléńdé

Bí funfun náà bá tẹ́jú, tí kò hu irun, tó sì yọ́ nígbà tí ẹ fi ìka pa á, ọ̀rá kòkó ni: ṣokoléètì ti yọ́ nínú ooru, ó tún dì. Ó ṣeé jẹ. Àmọ́ èyí tí wọ́n fi kíríìmù tútù sínú rẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí bá ti kọjá, ẹ dà á nù.